Ẹsẹ̀ Agbábọ́ọ̀lù Kán l'Ékòó: Ọ̀nà Wo Ni Kí Ẹ Yàn?

Ìró rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé etí mi, bí ìgbà tí èèyàn bá fi orúnkún dá igi gbígbẹ. Ọ̀sán Sátidé ni, ní pápá Campos l'Erékùṣù Èkó. Ọmọ ọdún 17 tó ń gbá wíńgì fún wa ló wà nílẹ̀, ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti tẹ̀ níbi tí kò yẹ kó tẹ̀. Kí n tó sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìmọ̀ràn ti pọ̀ lórí ẹ̀. Ẹnì kan ní teguntegun kan wà tó máa fọwọ́ ra á, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, ó ti padà sórí pápá. Ẹlòmíràn ní ká máa gbé e lọ sí Ìgbóbì, ọsibítù eegun ti ìjọba. Ẹnì kẹta ní ọsibítù aládàáni tó wà nítòsí ló máa yá jù. Ìyá ẹ̀ pè mí lórí fóònù, kò béèrè iye owó, kò béèrè ẹni tó ta á. Ohun tó bi mí ni pé, "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọn ò ní gé e?"

Mo mọ ibi tí ìbéèrè yẹn ti ń wá. Ìyá tèmi náà béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ tèmi kán, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 19. Láti ìgbà náà, mo ti tẹ̀ lé agbábọ́ọ̀lù tó pọ̀ lọ sí ọsibítù, mo sì ti rí èyí tó padà wọ bàtà àti èyí tí kò padà. Ohun tí mo rí ni mo ń fi wéra níbí, fún òbí, fún kóòṣì ẹgbẹ́ mi, àti fún ẹni tó ń kà á lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí ìrọ̀rí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání ká tó bẹ̀rẹ̀. Wákàtí díẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ ń gbà. Físíò, ìyẹn ìdárayá tí wọ́n fi ń kọ́ ẹsẹ̀ padà, ló ń gba oṣù. Torí náà, tí ẹ bá ń fi ibì kan wé ibòmíràn, ẹ má wo iye tí wọ́n máa gbà nìkan. Ẹ bi ara yín bóyá ẹ ó lè máa dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án, pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan.

Wákàtí àkọ́kọ́

Ibí yìí kò gba àròpẹ́. Ẹ má fà á, ẹ má fọwọ́ ra á. Ẹ wá pákó pẹlẹbẹ méjì tàbí páálí líle, ẹ fi há ẹsẹ̀ náà láàárín bó ṣe wà, kí ẹ fi aṣọ dì í lókè àti nísàlẹ̀ ibi tó kán. Tí eegun bá yọ síta, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ẹ má tì í padà. Ọjọ́ náà gan-an ló gbọ́dọ̀ dé ọsibítù, kí wọ́n lè fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò. Ẹ má fún un ní oúnjẹ tàbí mínírà, torí ó ṣeé ṣe kó wọ tíátà lálẹ́ yẹn. 767 tàbí 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, ọ̀fẹ́ ni pípè rẹ̀. Tí wọ́n bá sì ní àfi kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ẹ rán wọn létí pé òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí, ti ọdún 2014, kò gbà kí ọsibítù kọ aláìsàn pàjáwìrì fún ìdí kankan.

Teguntegun àti ọsibítù

N kò ní bú teguntegun, n kò sì ní bú ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Ọ̀dọ̀ wọn sún mọ́lé, owó wọn ṣeé san díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ bí ọmọ wọn, kò sì sí ẹni tó ń dárúkọ ayùn níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ọ̀kan ni wọ́n kọ́kọ́ gbé èmi náà lọ. Bàbá náà fi ọparun wẹ́wẹ́ tó fi okùn hun pọ̀ di ojúgun mi, ó ń tú u láràárọ̀, ó ń fi òrí àti àgbo ra á, ó tún ń dì í padà. Ó mú adìyẹ kan, ó ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀, ó fi ọparun kan náà dì í, ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ní ọjọ́ tí adìyẹ náà bá fẹsẹ̀ tilẹ̀, èmi náà á fẹsẹ̀ tilẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo adìyẹ yẹn. Kò tó oṣù kan tó fi dìde, tó ń rìn yí ìdí okùn rẹ̀ ká. Mo gbé ẹsẹ̀ tèmi sílẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, mo ṣubú lu ògiri. Nígbà tí wọ́n wá ya X-ray fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, orí eegun méjèèjì ti gun ara wọn, wọ́n sì ti ń so pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti kúrú. Dókítà ní láti tún un ṣẹ́ nínú tíátà kó tó lè tò ó.

Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti yà nìyẹn. Teguntegun ń fi ọwọ́ wòye ohun tó wà nínú ẹran. X-ray ń fi í hàn. Eegun tó sán láìyẹ̀ lè jinná lọ́dọ̀ èyíkéyìí nínú wọn, ohun tó sì ń mú kí òkìkí teguntegun kàn nìyẹn. Ojúgun tó kán sí méjì tó sì yẹ̀ kì í gba kí èèyàn máa wòye.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni dídì tó fún pinpin. Ẹran ẹsẹ̀ wa, láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, inú àpò líle ló wà, àpò yẹn kì í fẹ̀. Tí eegun bá kán, ẹ̀jẹ̀ àti wíwú á kún inú rẹ̀. Tí a bá wá fi ọparun fún un látìta, ẹ̀jẹ̀ tuntun kò ní rí ọ̀nà gbà wọlé mọ́, láàárín nǹkan bíi wákàtí 6 sí 8, ẹran tó wà nínú rẹ̀ lè ti kú débi tí kò ní sọjí mọ́. Báyìí ni ẹsẹ̀ tó kàn kán ṣe ń di ẹsẹ̀ jíjẹrà. Wọ́n á wá gbé e dé ọsibítù nígbà tí kò sí ohun míì tí ẹnikẹ́ni lè ṣe, ọsibítù á gé e, àdúgbò á sì máa sọ pé ọsibítù ló ń gé ẹsẹ̀ ọmọ ẹni. Ohun tí mo sọ fún ìyá ọmọ náà lórí fóònù nìyẹn, pé bá a bá tètè débẹ̀, wọn ò ní gé e.

Tiger Woods, agbá-gọ́ọ̀fù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dànù mọ́ ní California ní February 23, 2021. Eegun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kán síbi púpọ̀, ó sì yọ síta. Àwọn dókítà ti irin bọ inú eegun ojúgun rẹ̀, wọ́n fi skrúù di àtẹ́lẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì la àpò ẹran tí mo ń sọ yìí kí ìfúnpá inú rẹ̀ lè rọlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ gígé ẹsẹ̀ wà nílẹ̀ nígbà náà. Ẹsẹ̀ yẹn ṣì wà lára rẹ̀ lónìí.

Nítorí náà, ibi yòówù kí ẹ wà, ẹ máa wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ aláìsàn yín tọ̀sán tòru. Tí ìrora bá ń le sí i lẹ́yìn tó ti lo oògùn, tó bá ń ké tí ẹ bá rọra na ọmọ ìka rẹ̀, tí ìka náà bá tutù tàbí tó kú tipiri, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ọparun ni, ẹ tú u. POP ni, ìyẹn ẹfun líle tí ọsibítù fi ń di ẹsẹ̀, ẹ gbé e padà sí ọsibítù lóru náà, kí wọ́n là á.

POP àti irin

Òbí máa ń yan POP torí pé kò sí ọ̀bẹ níbẹ̀, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Tí eegun kò bá yẹ̀, wọ́n yàn re. Fún ojúgun agbábọ́ọ̀lù tó ti yẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi wọ́n síra.

POP fún irú ojúgun bẹ́ẹ̀ máa ń gùn láti itan dé ìdí ọmọ ìka. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni orúnkún kò fi ní ká, ọrùn ẹsẹ̀ kò ní yí. X-ray máa ń tún wáyé léraléra, torí pé bí wíwú ṣe ń lọ sílẹ̀, POP á tú, eegun lè tún yẹ̀ nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá gé POP kúrò ni ojú tó máa ń ti agbábọ́ọ̀lù: itan tó ti rù bí ọwọ́ ọmọdé, awọ tó ń ṣí, orúnkún tó gan. Wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ orúnkún náà bí wọ́n ṣe ń ká.

Irin, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí wọ́n ń tì gba abẹ́ ọmọrí orúnkún wọ ihò inú eegun títí dé ìsàlẹ̀, skrúù á dì í mú lókè àti nísàlẹ̀. Orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ wà ní òmìnira láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń dìde dúró láàárín ọjọ́ díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá méjì tí wọ́n ń há sí abíyá. Àmọ́ ó ní tirẹ̀. Kòkòrò lè wọ ojú abẹ, pàápàá tí eegun bá ti yọ síta tẹ́lẹ̀. Iwájú orúnkún sì lè máa ro èèyàn fún ìgbà pípẹ́ tó bá kúnlẹ̀. Ẹni tó ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ gbọ́dọ̀ mọ èyí ṣáájú. Lórí àga ni èmi fi kírun fún èyí tó ju ọdún kan lọ, ìforíkanlẹ̀ ló sì pẹ́ jù lọ kó tó padà sí mi lára.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irin ń mú eegun jinná kíákíá. Ó ń dì í mú ni. Eegun ojúgun ṣì máa lo nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, sìgá sì máa ń fi kún un. Ohun tí irin ń rà fún agbábọ́ọ̀lù ni àwọn oṣù yẹn: orúnkún tó ń ká, ẹran itan tó ń ṣiṣẹ́, nígbà tí eegun ṣì ń so. Fún ẹni tó fẹ́ padà sórí pápá, tí dókítà bá ní méjèèjì ṣeé ṣe, irin ni mo máa yàn.

Irin kan wà tí wọ́n ń pè ní SIGN. Wọ́n ṣe é fún ọsibítù tí kò ní ẹ̀rọ X-ray nínú tíátà, wọ́n sì ń lò ó ní Nàìjíríà yìí. Tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ fún yín, ẹ má rò pé wọ́n fẹ́ fi ọjà tí kò dáa lé yín lọ́wọ́. Ẹ sọ genotype ọmọ yín fún dókítà kó tó wọ tíátà. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá wú tó ń dùn, tàbí tí èémí rẹ̀ bá ń há, pàjáwìrì ni.

Ọsibítù ìjọba àti aládàáni

Inú ogun àgbáyé kejì ni Ìgbóbì ti ṣẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́, ó sì di ọsibítù ní 1945. Eegun ni iṣẹ́ wọn. LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà náà ní dókítà eegun.

| | Ìjọba | Aládàáni |
|---|---|---|
| Dídúró de tíátà | Ó lè di ọ̀sẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì lè tún dá a dúró | Ó sábà máa ń yá |
| Dókítà | Wọ́n pọ̀ lójú kan, ti ọ̀sán ti òru | Wọ́n lè pe ẹnì kan wá látìta. Ẹ béèrè ẹni tó máa wò yín lẹ́yìn tó bá lọ |
| Owó | Ó kéré, àmọ́ ẹ lè máa fi ọwọ́ ara yín ra irin àti oògùn, kí ẹ sì wá ẹni tó máa fún un lẹ́jẹ̀ | Ó wúwo, ó sì máa ń wà lójú kan |
| Físíò | Ó sábà máa ń wà nínú ọgbà kan náà | Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó |

Ìlà ìkẹyìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Mo mọ ọmọ kan tí ẹbí rẹ̀ ta ilẹ̀ kí wọ́n tó lè san owó ọsibítù aládàáni kan. Iṣẹ́ abẹ náà mọ́, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, kó máa "sinmi ẹsẹ̀." Kò sí ẹni tó dárúkọ físíò fún un, kò sì sí kọ́bọ̀ tó ṣẹ́ kù. Ó sinmi ẹsẹ̀ náà fún oṣù mẹ́rin. Eegun jinná dáadáa, orúnkún kò ká kọjá ìdajì mọ́. Tí owó yín bá jẹ́ mẹ́wàá, ẹ má ná ju mẹ́fà lọ sórí iṣẹ́ abẹ.

Tó bá jẹ́ pé okùn orúnkún ló já

Ọmọbìnrin kan tó ń gbá àárín fún wa yí padà lójijì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó gbọ́ "pọ̀" nínú orúnkún. Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúnkún náà ti wú bí àgbọn. Okùn tó wà láàárín orúnkún, tí àwọn dókítà ń pè ní ACL, ló já. Ó máa ń já lára àwọn obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù ju àwọn ọkùnrin lọ. X-ray kì í fi okùn hàn. MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ẹran, ló ń fi í hàn, tàbí ọwọ́ dókítà tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò.

Níbí, ọ̀nà méjì ló wà ní ti gidi. Ìwádìí kan tó jáde láti Sweden ní 2010 kó àwọn ọ̀dọ́ 121 jọ, tí wọ́n ń ṣeré ìdárayá ṣùgbọ́n tí wọn kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Àwọn 59 nínú wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú físíò nìkan, wọ́n sì lè ṣiṣẹ́ abẹ tó bá yá. Lẹ́yìn ọdún méjì, 23 nínú wọn ló ti ṣe é, orúnkún àwọn 59 yẹn àti ti àwọn tó tètè ṣiṣẹ́ abẹ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ìgbádùn lópin ọ̀sẹ̀ lè fi físíò bẹ̀rẹ̀, kó fi oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin wo bí orúnkún ṣe ń ṣe. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń yẹ̀ tó bá yí, tó sì fẹ́ gbá líìgì, iṣẹ́ abẹ ni. Victor Boniface já irú okùn yìí lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó wà ní Norway, ó sì gba líìgì Jámánì pẹ̀lú Leverkusen ní 2024. Àmọ́ tí owó bá wà fún iṣẹ́ abẹ tí kò sí fún físíò, ẹ má ṣe é rárá. Físíò láìsí iṣẹ́ abẹ sàn ju iṣẹ́ abẹ láìsí físíò lọ.

Erékùṣù àti Mainland: ibo ló máa sùn?

Ọ̀pọ̀ kì í ronú èyí títí wọ́n á fi dé ẹnu ọ̀nà. Àjà kẹta ni ilé ọmọ wa wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àtẹ̀gùn rẹ̀ há débi pé ẹni méjì kò lè pàdé níbẹ̀. Ilé ìyáàgbà rẹ̀ wà ní Ṣómólú, ìsàlẹ̀ pátápátá, kẹ̀kẹ́ Maruwa kan ló sì kù sí Ìgbóbì.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ìyá rẹ̀ wà nítòsí láti dáná, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa wá. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré, torí pé ẹni tó dá wà pẹ̀lú ẹsẹ̀ kíkán máa ń rẹ̀wẹ̀sì, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ físíò, ó máa sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹta, kó wọ BRT kọjá afárá, kó tún gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ lójú títì Ìkòròdú pẹ̀lú ọ̀pá méjì nínú oòrùn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á lọ lẹ́ẹ̀mẹta, ìkejì lẹ́ẹ̀kan, ìkẹta á ní òjò ni.

Ṣómólú ni a yàn. Ìyá ẹ̀ sunkún díẹ̀, ó kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó ń sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ láti Friday sí Sunday. Láàárín ọ̀sẹ̀, ọmọ náà ń lọ sọ́dọ̀ físíò lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ń ṣe ìyókù nílé lórí ẹní: ó ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ gìgísẹ̀ kí orúnkún lè nà gbọnrangandan, ó so ọ̀rá pure water méjì mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, ó ń gbé e sókè ní ìgbà 10, ní ẹsẹẹsẹ mẹ́ta. Àwọn kan ń pe físíò wá sílé. Ó dára fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá lówó rẹ̀, àmọ́ lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó máa jáde, kó rí àwọn míì tí wọ́n ń kọ́ ìrìn.

Kíá àti sùúrù

Tí ìrora bá lọ, agbábọ́ọ̀lù á rò pé ó ti jinná. Ronaldo ará Brazil ya iṣan orúnkún rẹ̀ ní November 1999, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ní April 12, 2000, ó wọlé bí arọ́pò nínú ìdíje àṣekágbá tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá Lazio gbá. Kò tó ìṣẹ́jú 10 tí iṣan kan náà fi já pátápátá láìsí ẹni tó kàn án. Ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó fara balẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó sì gba góòlù 8 wọlé ní ife àgbáyé 2002.

Ẹ fi wé Aaron Ramsey. February 27, 2010 ni eegun méjèèjì inú ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kán ní Stoke. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Arsenal ò ní gbàgbé ojú àwọn tó wà nítòsí rẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, Arsenal yá a fún Nottingham Forest kó lè máa tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe níbi tí ojú kò ti pọ̀. Ní 2014, òun ló gba góòlù tó fún Arsenal ní FA Cup.

Okùn ACL tuntun tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ sí i kì í lágbára ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn mọ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni ó kéré jù, kí agbára ẹsẹ̀ yẹn sì tó 90 nínú 100 ti èkejì tí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ kan fò. Fún ojúgun, ẹ dúró de X-ray tó fi hàn pé eegun ti so. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí ìdíje bẹ̀rẹ̀.

Tuesday tó kọjá ni oṣù karùn-ún ọmọ wa. Físíò fi téèpù aránṣọ wọn itan rẹ̀: òsì 50 sẹ̀ǹtímítà, ọ̀tún 47. Ó wò mí lójú. "Kóòṣì, ìgbà wo ni mo lè wọ bàtà?" Mo ní kó kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn àjà kẹta ilé wọn láìdi ẹ̀gbẹ́ mú, kó sì sọ̀ kalẹ̀ bákan náà. Sunday, ìyá ẹ̀ fi fídíò ránṣẹ́ sí mi. Ó di ẹ̀gbẹ́ mú lẹ́ẹ̀kan, níbi ìyípo àjà kejì.